Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Í Sílẹ̀ Kó Máa Sùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Ìbàdàn, ti ìjọba àti ti aládàáni,

Mo kí yín tìyìntìyìn. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àfaradà. Mo mọ̀ pé ẹ ò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí, pé tí ẹ bá pe ìpàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjà yín lẹ̀ ń tì kẹ́ ẹ tó wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí ẹ̀yin, tí mi ò kọ ọ́ sí ìjọba.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ tramadol, kódíìnì, àti àwọn oògùn ìrora mìíràn tó bá wọn tan, àwọn tí dókítà ń pè ní ópíọ́ìdì. Àwọn ọmọ wa tí wọn ò tíì pé ogún ọdún ń lò wọ́n, àwọn kan nínú wọn sì ń tibẹ̀ kú. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí gbogbo ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ yín, àti àwọn òbí wọn, mọ ohun tí wọ́n máa ṣe ní wákàtí tí oògùn bá gbé ẹnìkan ṣubú, kí ẹ sì mú ìbẹ̀rù tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é kúrò lọ́kàn wọn.

Mo mọ bí a ṣe ń ṣe ìpolongo báyìí. Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti oògùn olóró, wọ́n á to àwọn ọmọ jọ síta. Àlejò á dé. Wọ́n á gbé àwòrán wèrè kan sókè, irun rẹ̀ ti dì, ó ń ṣa nǹkan jẹ lórí ààtàn. Àlejò á bèèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ dà?" Àwọn ọmọ á han gooro pé, "Rárá!" Ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ẹni tí tramadol fẹ́ pa lọ́jọ́ náà, kì í ya wèrè kó tó kú, mímí rẹ̀ ló máa ń dákẹ́. Ọmọ tó ń lò ó sì wà lórí ìlà níbẹ̀, yúnifọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun. Ó wo wèrè inú àwòrán, ó sì dá a lójú pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń pani. Nínú ọpọlọ, lápá ìsàlẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibì kan wà tó ń pàṣẹ fún wa láti mí. Bí a bá sùn, ibẹ̀ kì í sùn. Àwọn oògùn ìdílé yìí máa ń kun ibẹ̀ náà lóorun. Mímí á kọ́kọ́ falẹ̀. Ẹni tó yẹ kó mí ní ìgbà mẹ́rìnlá tàbí mẹ́rìndínlógún láàárín ìṣẹ́jú kan á máa mí lẹ́ẹ̀mẹjọ, tó bá yá lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ẹ ó wá máa gbọ́ ìhanrun kan tó wúwo, tó ń pọ́n lọ́fun, tó máa dáwọ́ dúró, tó máa tún bẹ̀rẹ̀. Ètè á ṣú, á rí bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Lára èèyàn dúdú, inú ètè àti abẹ́ èékánná ni kẹ́ ẹ wò, ibẹ̀ ló ti ń tètè hàn. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀: ọmọlójú á ti sún kì, ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí i. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ fi oríkèé ìka lọ egungun àyà rẹ̀ gidi, kò gbin.

Ẹni tó wà nípò yìí kò sùn o. Ó ń kú ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í ò mọ̀. Wọ́n á ní, "Ó ti gbé e. Ẹ fi í sílẹ̀, tó bá sùn ún á kúrò lára ẹ̀." Òmíràn á tilẹ̀ gbé fóònù jáde, á máa ya fídíò rẹ̀. Àwa òbí náà ńkọ́? Ìyá lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ láago méjìlá òru, kó gbọ́ ìhanrun yẹn, kó ní, "Ó mà ti rẹ ọmọ mi o," kó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa lórí ọ̀kadà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì há a mọ́ àárín. Epo pupa ti bo gbogbo àgbọ̀n rẹ̀, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin nítorí omi tí wọ́n dà lé e lórí. Dókítà bèèrè ohun tó jẹ. Wọ́n ní kò jẹ nǹkankan, bọ́ọ̀lù ni àwọn ń gbá, ló bá ṣubú lulẹ̀. Dókítà tún bèèrè. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá bóyá ó forí gbá nǹkan, a yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ń rò ó bóyá ibà ló wọ ọpọlọ rẹ̀, gbogbo èyí nígbà tí mímí ọmọ ń lọ sílẹ̀ sí i. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló wá fà mí láṣọ, ló la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Káàdì oògùn kan ló ká mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti rún, òógùn ti rin ín, ihò mẹ́rin ti ṣófo lára ẹ̀. 225 ni wọ́n kọ sí i. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún pírínsípà wa."

Ọmọ náà yè. Láti ìgbà tí èyí àbúrò ti la ọwọ́ ni a ti mọ ohun tí à ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀, ìyà ilé ẹ̀kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Àsìkò tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀ yẹn, ọmọ mìíràn ti kú láàárín irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí 225 yẹn jẹ́. Tramadol kì í ṣe oògùn burúkú láti ilẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ti wà lọ́jà láti ọdún 1977. Àwa náà ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, 50 milligram tàbí 100, àgbàlagbà kò sì gbọ́dọ̀ lò ju 400 lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Hóró tí NAFDAC fọwọ́ sí ní Nàìjíríà kò ju 100 lọ. Àwọn 200, 225 àti 250 tó kún ìgboro, ọjà fàyàwọ́ ni wọ́n. Ọmọ tó bá gbé méjì mì nínú 225 ti kọjá ohun tí bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò lójúmọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì gbé e mì.

Oògùn yìí kì í tètè ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ò sì mọ̀. Ó lè tó wákàtí kan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára, á sì tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kí agbára rẹ̀ tó dé góńgó. Ọmọ á dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á ní, "Èyí ò tíì gbé mi," á tún gbé òmíràn mì. Tó bá wá fi bíà tàbí ṣẹ̀pẹ́ lé e, tàbí oògùn oorun, gbogbo wọn á jọ dojú kọ mímí kan ṣoṣo yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà, tí wọ́n ń po tramadol, kódíìnì, igbó àti oògùn oorun pọ̀ sínú ike kan tí wọ́n sì ń gbé e yípo, kò sí dókítà tó lè wò ó kó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Tramadol tún máa ń fa gìrì. Ọmọ tí kò ní wárápá rí lè ṣubú lójijì, kó máa jà pàràpàrà, kí ìfófòó máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní wọ́n ti ṣe é. Wọ́n á wá ṣíbí tì í sẹ́nu, eyín á kán. Ẹ má ti nǹkankan bọ ẹnu ẹni tí gìrì mú. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, tó bá ti dáwọ́ dúró kí ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Wàyí o, mo fẹ́ wọ inú ilé wa lọ, mo sì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má bínú sí mi.

Ta ló fi ọ̀nà kẹ́míìsì han ọmọ? Àwa ni. "Sáré lọ bá mi ra oògùn ara ríro, ní kó bá mi po èyí tó lágbára." Ọmọ á dé ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù á ṣí agolo kan, á ka hóró méjì, á ṣí òmíràn, á ka mẹ́ta, funfun, pupa, aláwọ̀ ọsàn, á dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù kékeré, á ta kókó ẹnu rẹ̀. Kò sí orúkọ lára wọn, kò sí ìwọ̀n, kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́. Bàbá á jù wọ́n sẹ́nu, á fi omi lé e, á sì mí kanlẹ̀ pé ara ti ń bọ̀ sípò. Ọmọ ń wò. Ó ti mọ̀ pé oògùn tí kò lórúkọ kò burú, pé ẹni tó bá ti rẹ̀ yẹ kó gbé nǹkan mì, pé ẹni tó ń tà á kò ní bi òun ní nǹkankan. Lọ́jọ́ tó bá lọ ra tiẹ̀, ọ̀nà tó mọ̀ ló gbà.

Kí ẹ sì má rò pé ọmọ ìta nìkan ni. Ọmọkùnrin tó ń bá bíríkìlà ru kọ̀ǹkéré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó lè rí owó WAEC san, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń fún un pé kó fi gba okun. Ọmọbìnrin tí inú ń run ún tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, tí ojú ń tì í láti sọ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un ní ìgò omi ikọ́ oníkódíìnì pé kó mu ún, ìrora á lọ. Ìrora lọ lóòótọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, kò dúró de ìrora mọ́. Èyí kan fẹ́ kàwé mọ́jú nítorí JAMB. Èyí kan sì wà tí wọ́n sọ fún pé á jẹ́ kó pẹ́ lórí obìnrin. Ẹ má ṣe bínú pé mo sọ ọ́ ketekete, àwọn ọmọ yín ń sọ ọ́ láàárín ara wọn lójoojúmọ́.

Ìwádìí tí àjọ NBS ti ìjọba wa àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2018, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, sọ pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 4.6 lo oògùn ìdílé ópíọ́ìdì tí kì í ṣe nítorí pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Nínú gbogbo ẹkùn orílẹ̀-èdè yìí, ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ wa níbí, ló ga jù fún gbogbo oògùn olóró lápapọ̀, igbó wà nínú ẹ̀: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà yẹn, SS1 ló máa ń wà.

Ìjọba ti ti ilẹ̀kùn kan tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ta omi ikọ́ oníkódíìnì ní kọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é ní Nàìjíríà àti kíkó kódíìnì wọlé láti fi ṣe é. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ àwọn tó ń ṣòwò ikú kì í gbélé. Ní oṣù Kejì 2025, BBC kan náà tún tú àṣírí ilé iṣẹ́ kan ní Mumbai, ní Íńdíà, tó ń lu tapentadol àti carisoprodol pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo, tó ń kó o wá sí Gánà, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire. Tapentadol, ìdílé tramadol ni. Carisoprodol ń dẹ iṣan, ó sì ń kun ni lóorun. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Íńdíà fòfin dè é lóṣù náà. Ohun tí wọ́n máa kó dé lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ tuntun ni yóò jẹ́, ìpolongo tó dá lórí orúkọ oògùn kò sì ní lè bá a. Àmì tí mo kọ sókè yìí, ìhanrun, ètè tó ṣú, ọmọlójú tó sún kì, kò ní yí padà, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí a kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe. Tí ẹ bá bá ọmọ kan nípò yẹn, ẹ kígbe pe èèyàn, kí ẹnìkan wá mọ́tò nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá ń mí dáadáa, ẹ fi í dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká orúnkún rẹ̀ tó wà lókè síwájú kó má baà yí dànù, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí èébì lè rí ọ̀nà jáde. Tí mímí rẹ̀ bá ti jìnnà síra tàbí tó ti dáwọ́ dúró, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, ẹ dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ di ihò imú rẹ̀, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i títí tí àyà rẹ̀ á fi gbé sókè. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ má dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Tí ọkàn rẹ̀ kò bá lù mọ́, àfi kí ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkan kíkan. Epo pupa, mílíìkì, omi iyọ̀, ẹ má da ọ̀kankan sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, mo sì ti rí ẹni tí oògùn kò pa tó jẹ́ pé epo ni a ń fà jáde lọ́fun rẹ̀. Ẹ mú káàdì tàbí ìgò tí ẹ bá rí nílẹ̀ níbẹ̀ dání. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà.

Ní ilé ìwòsàn, oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó lè dá mímí ẹni bẹ́ẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tó ti oògùn tó gbé ọmọ ṣubú. Tí ọmọ bá lajú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tó ní òun fẹ́ máa lọ sílé, ẹ má gbà fún un. Ó tún lè padà sùn lọ. Ní Amẹ́ríkà láti 2023, èyí tí wọ́n ń fín símú wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni lè rà á láìsí ìwé dókítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Houston tàbí Maryland, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ní in nílé, nítorí ọ̀dọ̀ tiwọn, fentanyl ni wọ́n ń lù mọ́ ayédèrú hóró oògùn, milligram méjì péré nínú rẹ̀ sì lè pa àgbàlagbà.

Mo ti gbọ́ èsì kan tí wọ́n máa ń fún mi, pé tí a bá ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó lo oògùn là, a ti ń sọ fún un pé kó lò ó nìyẹn. Mi ò gbà. A kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí iná bá ń jó ilé, mi ò tíì rí ọmọ tó torí ìyẹn tiná bọlé.

Ohun tó le jù nínú ẹ̀bẹ̀ mi ló kù yìí. Ẹ bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín jókòó, kí ẹ sì jọ fi ẹnu kò pé ọmọ tó bá gbé ẹnìkejì rẹ̀ wá fún ìrànlọ́wọ́ kò ní gba lẹ́tà ìléni, wọn ò ní nà án, wọn ò ní dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kódà bí òun náà bá jẹ nínú ẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ síta, kí ó dé etí gbogbo wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi irú ààbò yìí sínú òfin fún ẹni tó bá pe ìrànlọ́wọ́ nígbà tí oògùn ń pa ẹnìkan. Àwa kò nílò òfin kí a tó ṣe é nílé ẹ̀kọ́ tiwa. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa yarí pé a ń gbè sẹ́yìn oníwàkiwà. Ẹ bi wọ́n léèrè pé tó bá jẹ́ ọmọ tiwọn ló wà nílẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kí àwọn tó kù ṣe.

Ti ọmọ tó ti di bárakú fún náà ńkọ́? Ìyá rẹ̀ lè má mọ̀ fún ọdún kan, nítorí ó jọ ibà. Tí oògùn bá ti ń kúrò lára rẹ̀, á máa làágùn, á máa yán, imú rẹ̀ á máa ṣomi, inú á máa run ún, á máa yàgbẹ́ gbuuru, kò ní lè sùn, irun ara rẹ̀ á dìde. Ìyá á ra oògùn ibà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọmọ á jáde díẹ̀, á padà wọlé, ara rẹ̀ á ti yá. Ìyá á ní oògùn ibà yẹn dára. Tí ibà ọmọ yín bá ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, tó sì jẹ́ pé ìta ló ti ń rí ìwòsàn, ẹ pè é jókòó. Ẹ má gbé pàṣán. Ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì múra láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láìpariwo.

Mi ò bá àdúrà jà. Èmi náà máa ń lọ sórí òkè. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì pé àwọn ń lé ẹ̀mí oògùn jáde. Ọmọ á kúrò níbẹ̀, á pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, á gbé iye tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ mì. Ara rẹ̀ kò gba iye yẹn mọ́. Ìdílé á ní ọmọ tó ti gba ìwòsàn, kí ló tún pa á? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí ibi àdúrà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú. UCH tó wà ní ìlú wa níbí ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Aro ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, Yaba ní Èkó náà ń tọ́jú wọn. Mo mọ̀ pé orúkọ Aro ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, pé ará àdúgbò á ní ọmọ ti ya wèrè. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà ní àyíká, kí ìyá tàbí àbúrò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ìtọ́jú ṣe ń lọ. Irú rẹ̀ náà ni ọmọ wa nílò, ìtọ́jú tí kò yà á kúrò lára àwọn èèyàn rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan, 0800 1020 3040, tí òbí lè pè fún ìmọ̀ràn. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ yín, níbi tí àwọn ọmọ ti lè rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n.

Tí ẹ bá ń to ètò ìpàdé sáà tó ń bọ̀, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní wákàtí kan, kí ẹ má gbé e sí ìparí nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń wá bàtà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ SS náà jókòó pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn tó wà ládùúgbò yín. Wọ́n á wá tí ẹ bá pè wọ́n. Ẹ pe àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù oògùn tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká pẹ̀lú, kí wọ́n jókòó níwájú, kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn pé ẹnikẹ́ni tó bá ta tramadol fún ọmọ oníyúnifọ́ọ̀mù, òbí kan ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ pè, màá wá láìgba owó. Ọmọláńgidi tí a fi ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èémí síni lẹ́nu wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí gbogbo bàbá, ìyá àti ọmọ tó bá wà nínú gbọ̀ngàn náà kúnlẹ̀ tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fẹ́ èémí sí i títí wọ́n á fi rí i tí àyà rẹ̀ gbé sókè.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Nọ́ọ̀sì kan, tó tún jẹ́ òbí bíi tiyín, ní Ìbàdàn.